Wọ́n gé jẹ̀díjẹ̀dí fún bàbá mi n'Íkẹ̀rẹ́, òògùn pípa wo ló máa dín ìrora ẹ̀ kù?

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí bàbá. Ìrora yẹn kì í ṣe kékeré, pàápàá nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yàgbẹ́, torí iṣan tó ń pa ihò ìdí dé máa ń fún pọ̀ gan-an lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Jẹ́ẹ̀lì lidocaine máa ń jẹ́ kí ojú ibẹ̀ kú díẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ lára. Èyí tó ń tú iṣan yẹn sílẹ̀ ni diltiazem 2% àbí glyceryl trinitrate 0.2%, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ o, trinitrate yìí máa ń fa orí fífọ́, tí bàbá bá sì ń lo Viagra kí wọ́n má fọwọ́ kàn án rárá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn lè já wálẹ̀ lójijì. Metronidazole 10% (òògùn tó ń pa kòkòrò) tó jẹ́ ti pípa náà ń dín ìrora kù.

Kí wọ́n tó pa á, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sínú bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ má da Dettol sí i, ẹ rọra fi aṣọ tó mọ́ tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ fọwọ́, kí ẹ wá fi òògùn tó tó hóró ẹ̀wà kan pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Robb síbẹ̀.

Wọ́n lè jẹ iyán wọn, kí ẹ̀fọ́ ṣáà pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n sì mumi dáadáa, torí tí wọ́n bá ń lo tramadol, òògùn ìrora tó jẹ́ ti gbígbé mì, ó máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ le. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tí ibà bá dé, àbí tí wọn ò rí ìtọ̀ tọ̀, ẹ gbé wọn padà sọ́síbítù kíá.