Ṣé kí n ta ṣíà mi nítorí ohùn orí WhatsApp?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Àbúrò mi fi ohùn kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé ìjọba fẹ́ gba báńkì tí mo ní ṣíà nínú rẹ̀, torí pé ọ̀gá ibẹ̀ ń náwó fún ẹgbẹ́ alátakò. Mi ò tíì tà, àmọ́ oorun ò kùn mí mọ́. Ṣé kí n tà?
— Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ fara balẹ̀ ná. Ta ló ń sọ̀rọ̀ nínú ohùn náà? Ẹ ò mọ̀ ọ́n, àbúrò yín náà ò mọ̀ ọ́n. Kí lẹ́tà yín sì tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹni tó máa sáré tà ti tà tán.

Nínú iṣẹ́ alágbàtà ṣíà tí mo ṣe l'Ékòó, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa irọ́ òṣèlú ni pé kò dìgbà táa bá gbà á gbọ́ kó tó da ọjà rú. Ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni náà á tà, torí ó mọ̀ pé àwọn yòókù máa sá, kò sì fẹ́ kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2013, àwọn kan já wọ ojú ewé Twitter ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan bú gbàù lẹ́ẹ̀mejì ní White House, pé Obama fara pa. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nǹkan bíi bílíọ̀nù 136 dọ́là ti dànù lára iye àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó wà nínú àkójọ tí wọ́n ń pè ní S&P 500. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ka ìròyìn tí wọ́n sì ń tà fúnra wọn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sáré. Kò pẹ́ tí iye náà fi padà sókè, Obama ò sì ní nǹkan kan tó ṣe é. Ẹni tó tà nísàlẹ̀ ni tirẹ̀ ò padà. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ ló jẹ èrè yẹn.

Níbi tiwa, NGX, ìyẹn ọjà ṣíà Nàìjíríà, kì í jẹ́ kí ṣíà kan já ju ìdá 10 nínú 100 lọ lóòjọ́. Ó ń dín eré kù lóòótọ́, àmọ́ ó lè fa ẹ̀rù náà gùn: àwọn tó fẹ́ tà á tò lọ rẹrẹ, olùrà kan ò ní yọjú.

(Tí ẹ bá tún ní owó nínú báńkì yẹn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó táwọn èèyàn fi sí báńkì, ń dúró fún un dé mílíọ̀nù 5 náírà tí báńkì bá wó. Kò kan ṣíà o.)

Ẹ lọ wo ìkéde tí báńkì náà fúnra rẹ̀ fi sórí ìkànnì NGX. Tí ọkàn yín bá ṣì ní kí ẹ tà, ẹ má sọ fún alágbàtà yín pé kó tà á ní iye yòówù tó bá bá lọ́jà. Ẹ kọ iye tí kò gbọ́dọ̀ tà kọjá sísàlẹ̀ fún un. Kí ẹ sì bi àbúrò yín bóyá òun ti ta tirẹ̀.