Ìjókòó mẹ́ta, kò sì tíì bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀: ṣé ayédèrú ni?

Ìbéèrè: Ẹ ǹlẹ́ o, Dókítà. Àwọn adigunjalè dá ọkọ̀ tí àbúrò mi ọkùnrin wọ̀ lọ́nà ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Kì í rí oorun sùn mọ́. Bí ọ̀kadà bá dún gbàmù báyìí, á ta gìrì. A mú un lọ sọ́dọ̀ màmá kan tó jẹ́ olùdámọ̀ràn. Ìgbà kẹta rèé, màmá náà kò bi í léèrè ohun tójú rẹ̀ rí. Ṣé kì í ṣe pé ó kàn ń gba owó wa?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ kà sí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ gbà pé bí ẹni tó kàgbákò bá ti rò ó tán, ara rẹ̀ á fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n ti dán an wò: wọ́n á kó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú jàǹbá jókòó, kí kálukú tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ ní ìjókòó kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò dènà àìsàn kankan, ó tún mú kí ti àwọn kan le sí i. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n má ṣe é mọ́. Síbẹ̀, à ń gbé máíìkì fún ẹni tí wọ́n jí gbé lánàá pé kó wá jẹ́rìí níwájú èrò!

Bí a bá fipá fa ìrántí ìpayà jáde nígbà tí ara kò tíì balẹ̀, ara kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àná ni. Àyà á máa já, èémí á kúrú, tàbí kí ojú ẹni náà kàn wò ṣàn-án bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kò gba ìtọ́jú kankan. Ó tún jẹ ìyà náà lẹ́ẹ̀kejì ni.

Ohun tó yẹ kó máa ṣẹlẹ̀ báyìí kéré lójú: kí àbúrò yín fúnra rẹ̀ yan àga tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà. Kí ó kọ́ bí a ti ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ká dárúkọ ohun 5 tí à ń rí, 4 tí à ń fọwọ́ kàn, 3 tí à ń gbọ́. Kí èémí tó ń jáde pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ. Kí wọ́n fẹnu kò sí àmì kan, bíi gbígbé ọwọ́ sókè, tó túmọ̀ sí "ó tó". Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà á wọlé, díẹ̀díẹ̀.

Ó gbọ́dọ̀ wọlé o. Ìtọ́jú tó ń dojú kọ ìrántí náà sábà máa ń gba ìjókòó 8 sí 12. Bí ẹ bá dé ìkẹfà tí kò sí ètò kankan, ẹ bi í: irú ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn wo lẹ kọ́, níbo? Ta ló ń bojú tó iṣẹ́ yín? Ojúlówó kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹni tó bá sì ní òun á wò ó sàn lọ́jọ́ kan, ẹ sá.

N kò tíì fojú kan àbúrò yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí dókítà ọpọlọ yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó ti ju oṣù kan lọ. Bí ó bá sọ pé ikú yá òun, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìjókòó. Ẹ má ra diazepam, oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, fún un ní kẹ́míìsì: kì í wo ọgbẹ́ ọkàn, ó sì máa ń di bárakú. Bó bá sì ti ọ̀dọ̀ màmá náà dé, oúnjẹ ni kí ẹ gbé fún un, kì í ṣe "kí lẹ sọ lónìí?"