Ọkàn èkúté kò yára tó, síbẹ̀ eré rẹ̀ kò dín kù: ṣé a ṣi èkúté mú ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ní àwọn èkúté tí a ti yọ jíìnì β1 kúrò lára wọn. Tí wọ́n bá wà ní ìsinmi, ọkàn wọn ń lù bíi ti àwọn ọmọ ìyá wọn tí jíìnì tiwọn pé. Lórí ẹ̀rọ ìsáré, ìlù ọkàn wọn kì í gòkè tó ti àwọn yòókù, síbẹ̀ bákan náà ni wọ́n ṣe ń sáré jìnnà tó. Ọ̀gá mi ní àfàìmọ̀ ni a ò ṣi èkúté mú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe kí èkúté yín má ní àléébù kankan. Wọ́n kọ́kọ́ ròyìn irú èkúté yìí lọ́dún 1996, nígbà tí wọ́n sì gbé wọn sórí ẹ̀rọ ìsáré lẹ́yìn náà, ohun tí ẹ rí yìí gan-an ni wọ́n rí.

β1 ni risẹ́pítọ̀ adrenaline (ohun tó ń gba iṣẹ́ adrenaline fún sẹ́ẹ̀lì) tó pọ̀ jù lára ọkàn. Bí noradrenaline, ìbátan adrenaline, bá kàn án, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe cAMP, kẹ́míkà tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Ní sinoatrial node, níbi tí ìlù ọkàn ti ń bẹ̀rẹ̀, cAMP á so mọ́ HCN, ihò tí àwọn èròjà oníná ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì, ìlù tó kàn á sì yá dé. cAMP kan náà ló ń ta ẹ́ńsáìmù PKA jí, tí kálísíọ̀mù fi ń ráyè wọlé, tí ọkàn fi ń fún pọ̀ tagbáratagbára. Láìsí β1, gbogbo èyí á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣan vagus náà wà níbẹ̀, òun ni ìjánu ọkàn. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ìjánu yẹn á dẹ̀, ìlù ọkàn á sì gòkè díẹ̀ láìsí β1.

Ní ti eré, ẹ má fi ìlù ọkàn nìkan díwọ̀n rẹ̀. Iye ìlù ní ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí ìlù kọ̀ọ̀kan ń tì jáde: ìyẹn ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀. Ọkàn tí kò yára ń ráyè kún dáadáa, ara rẹ̀ á nà, yóò sì ti ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan. Iṣan ẹsẹ̀ náà lè fa ọ́síjìn púpọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí ọkàn ọ̀gá yín lè balẹ̀, ẹ fi PCR (àyẹ̀wò DNA) yẹ jíìnì wọn wò lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ fún wọn ní isoproterenol, oògùn tó ń ta β1 jí bíi ti adrenaline. Èyí tí kò bá ní β1, ọkàn rẹ̀ kò ní dáhùn bíi ti ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gún un ní atropine, oògùn tó ń dí iṣẹ́ vagus lọ́wọ́, 1 mg/kg sínú ikùn, nítorí isoproterenol ń bá β2, ìbátan β1, ara òpó ẹ̀jẹ̀ ṣiṣẹ́, ìfúnpá á já wálẹ̀, ara á sì tú ìjánu sílẹ̀ láti gbé e dìde. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé β1 ló dáhùn. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lo isoproterenol ni kí ẹ pò ó, kí ìmọ́lẹ̀ má sì kàn án. Èyí tó bá ti ń pọ́n ti bàjẹ́.

Ìlù ìsinmi yín gan-an ni mi ò gbà gbọ́ tán. Ìgbà 500 sí 700 ní ìṣẹ́jú kan ni ọkàn èkúté tó jí sábà máa ń lù nínú yàrá 22°C, ṣùgbọ́n òtútù ni 22°C jẹ́ fún un. Noradrenaline ti ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ní nǹkan bíi 30°C, ìlù náà á wálẹ̀ gan-an. Ọwọ́ tí ẹ fi gbé e àti abẹ́rẹ́ tí ẹ gún un náà ń ta á jí fún ìṣẹ́jú púpọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tí a rán sínú ara, tó ń fi rédíò sọ ìlù ọkàn, ló dára jù. Ẹ jẹ́ kí ojú abẹ náà jinná fún ọjọ́ mẹ́wàá ó kéré tán. Bí ẹ bá fi oògùn kun wọ́n lóorun, ẹ yẹra fún xylazine: risẹ́pítọ̀ mìíràn, α2, ló ń ta jí, á sì mú ìlù wálẹ̀ kọjá ààlà.

Lórí ẹ̀rọ, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta mú wọn mọ́ ọn lára. Iná tí ẹ fi ń lé wọn sáré náà ń tú adrenaline jáde, nítorí náà búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló sàn jù. Ní ìlù 700, milisẹ́kọ́ńdì 86 péré ló wà láàárín ìlù méjì, ẹ gba àmì ECG (àmì iná ọkàn) ó kéré tán ní 1000 Hz, ìyẹn ìgbà 1000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ wo ìlà ECG náà fúnra yín: bí kọ̀ǹpútà bá kọ 350 tàbí 1400 lójijì nígbà eré, ó fo ìlù ni tàbí ó ka ẹyọ kan ní ẹ̀ẹ̀mejì.