Fọ́tò odò inú igbó: ẹ dúró de ojú ọ̀run tó ṣú

Ẹ béèrè ìdí tí odò fi ń funfun báláú nínú fọ́tò yín, tí igi etí rẹ̀ sì ń dúdú bí èédú, bẹ́ẹ̀ ojú yín rí gbogbo rẹ̀ kedere nígbà tí ẹ wà níbẹ̀. Kámẹ́rà yín ò bàjẹ́. Oòrùn ọ̀sán lẹ fi yà á.

Igbó Ọmọ lágbègbè Ìjẹ̀bú, lọ́nà ìletò J4, ni mo ti kọ́ ọ. Igi ibẹ̀ ga, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé, oòrùn á wá máa yọ́ wọlé níbi kọ̀ọ̀kan. Ojú èèyàn lè gba ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn pọ̀, kámẹ́rà ò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń lọ ní aago méjìlá ọ̀sán, tí mo sì ń fi ìbànújẹ́ padà wálé. Lọ́jọ́ tí òjò wá ṣú, mo rò pé ìrìn ti bàjẹ́. Fọ́tò ọjọ́ náà ló wà lára ògiri mi títí dòní.

Torí náà, ẹ lọ ní kùtùkùtù, tàbí lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Ẹ má jẹ́ kí ojú ọ̀run yọ sínú fọ́tò rárá. Ẹ gbé kámẹ́rà lé tírípọ́ọ̀dù, ìyẹn ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí shutter, ìlẹ̀kùn tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ kámẹ́rà, ṣí fún ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá sí ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi á dà bí èéfín, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀. Tí owó yín bá ká ohun kan ṣoṣo, fíltà polarizer, gíláàsì tó ń dín dídán kù, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójú lẹ́ńsì: dídán ojú omi àti ti ewé tútù á lọ, ẹ ó rí òkúta ìsàlẹ̀ odò. Ó ń dí ju ìdajì ìmọ́lẹ̀ lọ mọ́ kámẹ́rà, ìdí nìyẹn tí tírípọ́ọ̀dù fi di dandan.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá kejì. Lẹ́ńsì mi kan bu nínú, bí òwú aláǹtakùn, torí pé mo tì í mọ́ báàgì pẹ̀lú omi ara rẹ̀. Àwọn àpò kékeré inú páálí bàtà tuntun, ẹ kó wọn sínú báàgì, wọ́n ń fa ọ̀rinrin.

Ṣùgbọ́n èyí tó dùn mí jù ni kámẹ́rà tí odò gbé lọ. Òjò ò rọ̀ níbi tí mo wà. Òkè ló ti rọ̀. Mo ti ri tírípọ́ọ̀dù mọ́ iyanrìn láàárín odò, mo kẹ́yìn sí i, mò ń wá lẹ́ńsì mìíràn nínú báàgì. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, omi ti dé orúnkún mi, tírípọ́ọ̀dù ti ṣubú. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ẹ̀ṣọ́ igbó tó sìn mí lọ ló di apá mi mú. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí omi tó mọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ ń ṣàn bọ̀ láti òkè, ẹ gbé ẹrù yín, kẹ́ ẹ gun etí odò kíákíá, bó ti wù kí fọ́tò náà dára tó.