Géèjì Já Wálẹ̀, Irin Ń Gbóná Sí I

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń ti Adó bọ̀ wá sí Ẹ̀fọ̀n. Bí mo ṣe kọjá Ìtàwúré, géèjì ooru sáré lọ sókè, ó sì tún já wálẹ̀. Mo rò pé ọkọ̀ ti tutù, mo bá ń lọ títí ó fi kú. Họ́ọ̀sì rẹdiétọ̀ ló bẹ́. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, èkejì ní gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, lásán ni. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? (Tíṣà, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè)

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn, kò kúkú sí èyí tó ṣí ẹ́ńjìnnì wò.

Inú omi ni sẹ́ńsọ̀ géèjì, ohun tó ń wọn ooru fún un, máa ń wà. Tí omi bá ti jò tán, atẹ́gùn ló kù tó ń wọ̀n, ọwọ́ géèjì á rọ̀ wálẹ̀, irin á sì máa gbóná lọ. Ẹni tó bá ń gun òkè tó rí irú èyí, kó pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fa igi ọ́ìlì yọ ná. Bí ọ́ìlì bá rí bíi tíì oní mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ má ṣe tan ọkọ̀ náà mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wọn kọ̀ńpúrẹ́ṣọ̀n (agbára ìfúnpọ̀ atẹ́gùn) sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí ti méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bá lọ sílẹ̀, àfàìmọ̀ ni kì í ṣe gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn ló jó.

Ṣùgbọ́n gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí top sílíńdà (orí ẹ́ńjìnnì) tó ti wọ́, owó ìnáàdànù ni. Alumíníọ̀mù ni top yẹn, ooru a máa wọ́ ọ. Kí wọ́n fi irin gbọọrọ tó tọ́ lé ojú rẹ̀, kí wọ́n ti fílà géèjì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń wọn àlàfo) bọ abẹ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, bí àlàfo bá ju 0.05 mìlímítà lọ, a gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ fá a. Kí wọ́n wọn ojú búlọ́ọ̀kù (ara ẹ́ńjìnnì tí top jókòó lé) náà. Mẹkáníìkì tó bá ní ojú òun ti tó géèjì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Ìgbà wo ni tòkunbọ̀ wá bọ́ sí i? Tí ara sílíńdà bá ti ha, tàbí tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dún kò-kò-kò nísàlẹ̀. Kódà nígbà náà, kí wọ́n wọn kọ̀ńpúrẹ́ṣọ̀n èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín kí owó tó jáde.

Họ́ọ̀sì tuntun ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi wáyà dì. Wọ́n á sì fẹ́ yọ tẹmostáàtì (ohun tó ń ṣí, tó sì ń dí ọ̀nà omi bí ooru bá ṣe rí) jù nù. Ẹ kọ̀ o: ọkọ̀ tí kò ní i kì í tètè dé ìwọ̀n ooru tó yẹ, epo ló sì ń jẹ.