Ẹ má jẹ́ kí wọ́n laminate dáyárì bàbá àgbà yín o!

Ẹ̀gbọ́n mi tó bèèrè láti Manchester bí wọ́n ṣe máa tọ́jú àpótí dáyárì àti fọ́tò àtijọ́ tó wà nílé bàbá wọn l'Ólówógbowó l'Ékòó, tí wọ́n fẹ́ wó ilé náà, àfi bíi pé ilé wa lẹ ń sọ. Sàró làwa náà, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, Freetown ní Sierra Leone làwọn bàbá wa ti wọkọ̀ ojú omi padà wá s'Ékòó, wọ́n sì ń kọ̀wé ṣáá. Òjò tó rọ̀, iye tí wọ́n ta epo, ọmọ tí wọ́n sàmì fún, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ pe ẹni tó wà nílé lónìí, ẹ sọ fún un pé kò gbọdọ̀ laminate nǹkan kan, ìyẹn ni pé kó má fi ọ̀rá lẹ̀ ẹ́ pa. Àbúrò bàbá mi fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni, èmi gan-an ni mo fowó ránṣẹ́, wọ́n bá kó bí ogún ojú ìwé àti fọ́tò ìgbéyàwó ìyá àgbà lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan. Ẹ̀rọ gbígbóná ni wọ́n fi lẹ ọ̀rá mọ́ ọn tibi tòhún. Ọ̀rá yẹn ò ṣeé ṣí mọ́, ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀ wọnú ìwé. Nígbà tí wọ́n fi hàn mí lórí fídíò, ojú ìyá àgbà ti di bàìbàì, ọwọ́ tí wọ́n fi di òdòdó mú nìkan ló hàn dáadáa. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má laminate o!

Sẹ́lótéépù náà, rárá. Fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù, ẹ má fà á, ẹ fi fóònù yà á bó ṣe wà. Fífi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé ò le, lẹ́bàá fèrèsé, láìtan fláàṣì, ó parí. Kí àpótí má jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, torí ikán.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, Ọlọ́run ló mọ̀. Ọ́fíìsì kan wà tí mo lọ lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà tí mo wálé, "ọ̀gá ò sí níṣẹ́", "ẹ lọ kọ lẹ́tà wá", títí lìífù mi fi parí. Síbẹ̀ ẹ má torí ẹ̀ gbé àpótí yẹn gba pápákọ̀ òfurufú láìgba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn Museum (National Commission for Museums and Monuments, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé), òfin 1979 ò fàyè gba kíkó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde bẹ́ẹ̀ yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wà ní Nàìjíríà níbí, ẹ má sọ̀rètí nù, Kenneth Dike Library ní University of Ibadan ló ń tọ́jú àwọn ìwé Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, Sàró bíi tiwa, National Archives, ibi tí ìjọba ń tọ́jú ìwé àtijọ́ sí, náà wà nínú ọgbà yẹn. Kí mọ̀lẹ́bí kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ṣá, ẹ̀yin náà mọ ẹni tó máa bínú.

Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò inú àpótí náà bó ṣe wà, kí wọ́n má tíì kó nǹkan kan jáde, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá sọ èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bójú tó.