Míṣọ̀n kí ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì: ẹ gba ọ̀rọ̀ kóòṣì sínú ìwé

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ òbí. Mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ọmọkùnrin yín máa parí háì sukúù ní Texas lọ́dún tó ń bọ̀, yunifásítì kan ti fi sikọ́láṣíìpù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà lọ̀ ọ́, ó sì fẹ́ kọ́kọ́ lọ ṣe míṣọ̀n, iṣẹ́ ìwàásù ọdún méjì, fún Ìjọ wa, Ìjọ Jésù Krístì ti Àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn, tí àwọn èèyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kó lọ tààrà ni, àbí kó wọ yunifásítì fún sáà kan ná, àti bóyá ọdún méjì yẹn máa gé ọjọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ kúrú. Ọmọ tèmi ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Ó wà lára àwọn sìgbọnlẹ̀ tó máa ń dúró níwájú, tí wọ́n ń dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù.

Ti aago NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, ló rọrùn jù, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Nígbà tiwa, ọdún márùn-ún ni wọ́n fún ọmọ láti fi gbá bọ́ọ̀lù ọdún mẹ́rin, aago yẹn kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí ọmọ á fi forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ní kíkún. Ẹni tó lọ tààrà láti háì sukúù, aago tirẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tó sì ti wọlé kó tó lọ, òfin wọn máa ń yọ àkókò míṣọ̀n tí ìjọ rán an kúrò, bí wọ́n ṣe ń yọ ti ẹni tó lọ sí iṣẹ́ ológun. Britain Covey gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Utah ní 2015, ó lọ ṣe míṣọ̀n ní Chile, ó padà dé pápá ní 2018, ó sì ṣì ń gbá a fún wọn ní 2021. Xavier Su'a-Filo gbá a fún yunifásítì UCLA ní 2009, ó lọ míṣọ̀n, ó padà ní 2012, nígbà tó fi máa di 2014 Houston Texans, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun níbí, ti mú un. Ọdún méjì yẹn ò pa wọ́n lára. Fọ́ọ̀mù Eligibility Center tí NCAA fi ń mọ ẹni tó yẹ láti gbá bọ́ọ̀lù, kọ́ọ̀sì 16 háì sukúù tí wọ́n ń béèrè, ọ̀rọ̀ ààrẹ èèkàn àti bíṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jẹ́ olórí wa nínú Ìjọ, ẹ máa rí gbogbo ìyẹn ṣe, kò le.

Ẹnu kóòṣì ló le.

Kóòṣì tó wá bá wa nílé jókòó sí pálọ̀ wa, ó jẹ mọ́ínmọ́ín ìyàwó mi, ó tún béèrè òmíràn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, “A máa dúró dè é.” Ó ní àyè ọmọ ò ní kúrò níbẹ̀. Kò purọ́, mo rò pé ó gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣì wà ní Philippines nígbà tí wọ́n lé kóòṣì náà lẹ́nu iṣẹ́. Inú ìròyìn la ti gbọ́. Ẹnikẹ́ni ò pè wá, ẹnikẹ́ni ò kọ lẹ́tà. Kóòṣì tuntun kó àwọn èèyàn tirẹ̀ wá, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó mọ ojú ọmọ mi.

Mo wá pe ọ́fíìsì tó ń bójú tó òfin ní ilé-ìwé yẹn. Ọ̀gbẹ́ni tó gbé fóònù ní kí n fọkàn balẹ̀, kò sí ìṣòro. Mo ní kó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi lórí ímeèlì. Ó ní òun máa pè mí padà. Títí di òní. Àwọn èèyàn yìí lè sọ ohunkóhun fún ọ lórí fóònù, ṣùgbọ́n bó bá di ká kọ ọ́ sílẹ̀, ìka á máa dùn wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo tún ìwé sikọ́láṣíìpù yẹn kà fínnífínní. Owó ọdún ẹ̀kọ́ ló ń sọ, ọdún ẹ̀kọ́ tí ọmọ ò sì sí nínú kíláàsì, wọn ò jẹ ẹ́ ní kọ́bọ̀. National Letter of Intent, ìwé ìlérí pé ilé-ìwé yẹn ni ọmọ máa lọ, tó fọwọ́ sí nígbà náà tún ní gbólóhùn kan nínú pé míṣọ̀n lè tú u ká. Ìyẹn ò sí mọ́, NCAA ti fòpin sí i ní oṣù Kẹwàá 2024, àdéhùn owó ni wọ́n ń kọ báyìí. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á. Kì í ṣe àbúrò yín tó ń ṣe nọ́ọ̀sì o, lọ́yà.

Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọmọ máa ń bá wa sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ní ọjọ́ ìmúrasílẹ̀ wọn, ọjọ́ tí wọ́n fi ń fọṣọ, tí wọ́n fi ń sinmi. Láti oṣù Kejì 2019 ni Ìjọ ti fàyè gba ìyẹn, kó tó di ìgbà náà Kérésì àti Ọjọ́ Ìyá nìkan ni. Ọ̀sẹ̀ tí kóòṣì lọ, ó ń sọ fún wa nípa ìdílé kan tó ń múra àtiṣe ìrìbọmi, ó ń rẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ ń wo ojú mi. Ṣé kí n sọ fún un ni, kí ọkàn rẹ̀ dàrú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ Olúwa? Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Dádì, ẹ má jẹ́ kó dùn yín.” Èmi tó dùn ni mo wá ń sunkún nínú mọ́tò.

Ó padà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ múra sílẹ̀ fún bí ẹ ṣe máa rí ọmọ yín ní pápákọ̀ òfurufú. Ìrẹsì díẹ̀, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ nínú oòrùn lójoojúmọ́, ìdajì wákàtí ni eré ìdárayá àárọ̀. Ṣòkòtò tó wọ̀ lọ, okùn ló fi so ó. Ọmọ tó máa ń ti ẹni ńlá ṣubú ti di ẹni tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Ní ọ̀sẹ̀ tó wọlé gan-an, olùkọ́ eré ìdárayá wọn ní kó máa sáré pẹ̀lú àwọn tí kò kúrò nínú jíìmù láti ọdún méjì. Iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ já. Ó sinmi, ó padà lọ, ó tún já. Dókítà wọn ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kẹ̀, ọmọ ogún ọdún! Kóòṣì tuntun sì ti kó àwọn tó ń ti ilé-ìwé mìíràn bọ̀ sípò rẹ̀. Wọ́n ní kó dúró bó bá fẹ́, láìsí sikọ́láṣíìpù. Èmi ni mo san owó ilé-ìwé yẹn.

Àwọn “ọ̀mọ̀ràn” tó ń fi ìràwọ̀ díwọ̀n ọmọ èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì á máa tọ́ka sí Tanner McKee fún yín: ó lọ sí Brazil, ó padà dé, ó wọ yunifásítì Stanford ní 2020, ẹgbẹ́ Eagles mú un ní 2023. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n David Shaw, kóòṣì tó ń retí rẹ̀, ṣì wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Ní BYU pàápàá, yunifásítì Ìjọ wa, níbi tí míṣọ̀n ti jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, kóòṣì wọn, Bronco Mendenhall, gba yunifásítì Virginia lọ ní oṣù Kejìlá 2015. Ẹni tó lọ míṣọ̀n ní 2014, Kalani Sitake ló padà wá bá.

Ayé ìsinsìnyí tún le sí i. Láti 2025, wọ́n ti fi 105 ṣe òpin iye ọmọ tó lè wà nínú ẹgbẹ́ fún ilé-ìwé tó wọ àdéhùn ilé ẹjọ́ tuntun tó jẹ́ kí wọ́n lè máa san owó fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Àyè tí wọ́n bá ní àwọn ń fi pamọ́ de ọmọ yín, ọmọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù náà á sì máa pè yín, wọ́n á ní kí ọmọ fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn kó tó lọ. Ẹ lé wọn. Ẹ jẹ́ kó yọ eyín ọgbọ́n rẹ̀ náà kó tó lọ, mi ò ní sọ ohun tí ojú wa rí lórí ìyẹn. Owó míṣọ̀n ti kúrò ní $400 lóṣù, ó ti di $500 láti oṣù Keje 2020, ẹ fi sínú ìṣirò yín.

Ẹ̀n-ẹ́n, sáà kan lẹ béèrè. Nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ọdún 19 ni ọkùnrin ń lọ míṣọ̀n, ọ̀pọ̀ ló ń gbá bọ́ọ̀lù ọdún kan ná. Láti 2012 tó ti di 18, kò pọn dandan mọ́. Kó lọ tààrà lóṣù Kẹfà, kó bàa lè padà lóṣù Kẹfà, kí ẹ má sì gbà kó wọ pápá lọ́dún tó bá dé. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀: ọdún tó dé, ó ń kàwé, wọ́n ń san án, kò gbá bọ́ọ̀lù, ó ń jẹun. Kí olórí eré ìdárayá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, kì í ṣe kóòṣì. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé kejì kí ọmọ tó wọ bàálù.